Agogo Ìgbésẹ̀ Mẹ́tàlá

"Màmá, ṣé ọwọ́ yín rọ ni?"

Ìbéèrè tí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ bi Ìyá Rọra nìyẹn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́rù, tí ọmọ mẹ́fà yí i ká. Okùn wà nílẹ̀, agolo wà nílẹ̀, ṣíbí kan tó ti tẹ̀ wà níbẹ̀, pákó kéékèèké sì tò tẹ̀ lé ara wọn títí dé ìdí agogo kan, irú agogo orí tábìlì tí wọ́n ń fi pe ìránṣẹ́. Ọmọ kan fi ìka ti pákó àkọ́kọ́. Pákó wó lu pákó, agolo yí, okùn fà, ṣíbí fò sókè, agogo dún. Ọ̀gá àgbà wo agogo, ó wo obìnrin náà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà láti lu ohun tí ọwọ́ nà dé! Ìgbà yẹn ló bèèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ rọ.

Ìyá Rọra kò dá a lóhùn. Kì í ṣe àfojúdi. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Bí o bá kí i ní "ẹ káàárọ̀", o lè ti rìn dé ẹnu géètì kí "káàárọ̀ o" tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọjọ́ kẹta ló lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, nípa ti ọwọ́ mi tó rọ," ló wí. "Bí mo bá fi ọwọ́ lu agogo, agogo dún, ó parí. Bí àwọn ọmọ yẹn bá fi ìgbésẹ̀ mẹ́fà lù ú, wọ́n á ti mọ ohun mẹ́fà kó tó dún. Ẹ káàsán o."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n kó ìgbálẹ̀ àti àga tó ti ṣẹ́ kúrò nínú yàrá náà, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Obìnrin yìí kì í ṣe olùkọ́. Kíláàsì mẹ́ta ló kà kí ìwé tó dá a dúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tún màṣíìnì ìránṣọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ibẹ̀ ló ti mọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí kẹ̀kẹ́, àti bí ọ̀pá kékeré ṣe ń gbé irin ńlá. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò sọ fún un, ó wá a nínú ìwé àlòkù, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, kò ní kọjá ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màṣíìnì mẹ́fà ló wá tún ṣe nílé ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní kó dúró kó máa tọ́jú yàrá ìkẹ́rù. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀: rọra gbé e, rọra so ó, rọra mí. Àwọn ọmọ ló fi sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà tí yàrá náà pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mẹ́fà ti di mẹ́tàlélógún, ìgbésẹ̀ mẹ́fà sì ti di mẹ́tàlá. Ìgbà náà ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n gbọ́ pé ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Alábẹ̀wò kan máa wá lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá.

Ọ̀gá àgbà pè é, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo mọ ọkùnrin náà. Kì í gbọ́ àlàyé. Ohun tójú rẹ̀ bá rí ló ń kọ. Bí agogo yẹn bá dún, yàrá ṣì jẹ́ tiyín, àwọn ọmọ náà jẹ́ tiyín. Bí kò bá dún..."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀."

"Ìparí ẹ̀ gan-an ni mo gbọ́, Ọ̀gá."

Ìgbálẹ̀ ni yóò padà sínú yàrá, òun náà yóò sì padà sídìí kíka ìgbálẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti là á yé e.

Ẹ̀rọ tó fẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ nìyí. Orí tábìlì gígùn méjì ló wà, ó yí igun, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí àpótí, ó tún gòkè. Pákó méjìdínlógún ló ń wó lu ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn á ti agolo oníyanrìn kan. Agolo á já bọ́, okùn á fà lórí púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá, á sì fa igi pẹlẹbẹ kan yọ, irú igi ẹlẹ́nu tínrín tí a fi ń há ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn igi yẹn ni ọmọ irin róbótó kan jókòó sí. Bí igi bá yọ, ọmọ irin á sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú páìpù tí wọ́n là sí méjì, á fò kúrò lẹ́nu páìpù, á sì bọ́ sínú ìdérí agolo mílíìkì tó wà lórí jangilọ́fà. Jangilọ́fà ni àwọn ọmọ ń pe ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ lórí òkúta, tí apá kan ń lọ sókè bí èkejì bá ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ṣì ń bẹ níwájú kí agogo tó dún.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníwọ̀n ló ni ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó so okùn kan mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ta kókó sí i ní ìwọ̀n ìka kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ohun tí kì í wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá ibi tó yẹ kí páìpù dagẹ̀rẹ̀ dé. Bó bá ga jù, ọmọ irin á fò kọjá ìdérí. Bó bá tẹ́ jù, kò ní dé ibẹ̀. Ìgbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ló gbìyànjú, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ọmọkùnrin tó máa ń ti pákó àkọ́kọ́, Ẹnudùnjuyọ̀ ni tirẹ̀, nítorí ó lè sọ̀rọ̀ fún èèyàn mẹ́ta kó má rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́rú, bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó dúró ti Oníwọ̀n.

"Oníwọ̀n, ṣé o ti wọn imú ẹ lónìí? Ó jọ pé ó gùn sí i."

"Ẹnu ẹ ni mi ò tíì wọ̀n," ni Oníwọ̀n fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Okùn mi ò tó o."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rọra kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n ti lu agogo náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló dún. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dákẹ́.

"Ẹ gbọ́. Láti ìsinsìnyí títí di ọ̀la, ìka ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ yìí. Ohun tó bá ti dára, ọwọ́ tó bá tún kàn án, ọ̀tá rẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ti yàrá pa, ó fa ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì tó ṣí i, Ìyá Rọra ti wà níta tó ń dúró. Kò rí oorun sùn. Ó wọ inú yàrá, ó jókòó sórí àga, ó kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Ó wo púlì. Ó wo páìpù. Ó kù bíi wákàtí mẹ́ta kí alábẹ̀wò dé.

Ẹni tó bá fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún màṣíìnì ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò mu òróró, ara rẹ̀ ló ń jẹ: ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó ṣí báàgì. Ó kàn rí ike òróró màṣíìnì lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni. Ẹ̀kán kan fún púlì àkọ́kọ́, ẹ̀kán kan fún èkejì, ẹ̀kán kan fún irin àárín kẹ̀kẹ́. Ó fi àkísà nu èyí tó ṣàn kúrò. Ó rí eruku nínú páìpù Oníwọ̀n; ó fi àkísà kan náà nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni nu ojú ọmọ kó tó lọ síléèwé. Páìpù ń dán. Ó kó àkísà padà sínú báàgì. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara rẹ̀ balẹ̀.

Aago mẹ́wàá lù, alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó de bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ méjèèjì, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ní láti na ọrùn kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Fáìlì wà ní abíyá rẹ̀. Ó kí wọn, ó kí Ìyá Rọra, ó yí tábìlì méjèèjì po lẹ́ẹ̀kan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó dúró lẹ́bàá ọ̀gá àgbà, ó mú bírò jáde.

"Ẹ jẹ́ ká rí i, Màmá."

Ìyá Rọra mi orí sí Ẹnudùnjuyọ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó na ìka. Ó ti pákó.

Pákó wó lu pákó, tatatata, ó yí igun. Agolo oníyanrìn já bọ́. Okùn fà. Púlì yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ dún. Igi pẹlẹbẹ yọ. Ọmọ irin kọrí sísàlẹ̀.

Ó yára jù. Gbogbo wọn ló rí i. Ó jáde lẹ́nu páìpù bí òkò, ó fo ìdérí agolo kọjá, ó balẹ̀ gbàà lórí sìmẹ́ńtì, ó sì ń yí lọ, kó, kó, kó, títí ó fi dé ìdí bàtà alábẹ̀wò. Alábẹ̀wò fi imú bàtà dá a dúró.

Jangilọ́fà kò mì. Agogo jókòó síbi tó wà.

"Ta ló wọn ibí yìí?" ni alábẹ̀wò bèèrè. Kò pariwo rárá.

Ẹnu Ìyá Rọra tí kì í yá, ọjọ́ náà ló yá. "Òun ni," ló wí, ó sì na ìka sí Oníwọ̀n.

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n lánàá, ó..."

"Àná ti lọ," ni Ìyá Rọra gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ìwọ̀n tí kò bá pé lónìí, kò pé lánàá. Mélòó-mélòó ni mo sọ fún ọ pé kí o fara balẹ̀? Bọ́ sẹ́yìn. Lọ dúró ti ògiri."

Oníwọ̀n wò ó. Ọmọ náà kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu obìnrin yìí rí. Ó gbé ọmọ irin nílẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì lọ dúró ti ògiri. Alábẹ̀wò bèèrè nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé orúkọ kíláàsì, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ní, Màmá. Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó. Ìyá Rọra dúró níwájú páìpù. Ó yára jù; nígbà náà, ó ga jù. Ó já páálí, ó ká a, ó fi ti ìdí páìpù kí ó lè tẹ́ díẹ̀. Kò wọ̀n ọ́n. Kò sí àyè ìwọ̀n. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe yẹn, bí ọmọ kan bá ṣe é níwájú òun, òun á ní kó tú u palẹ̀.

"Mà," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Oníwọ̀n ni. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ìka ìtọ́ka rẹ̀. "Mà, ó ń yọ̀."

"Mo ní kí o dúró síbẹ̀ yẹn. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ó kúrò nídìí páìpù, ó lọ sí òpin kejì yàrá láti to ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ó kẹ́yìn sí wọn. Alábẹ̀wò àti ọ̀gá àgbà ti rìn lọ sójú fèrèsé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa òrùlé. Oníwọ̀n fi ògiri sílẹ̀. Ó gbá ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mú, ó fi nu inú páìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lórí tábìlì, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa inú páìpù, ó fẹ́ ẹ fúù. Ó nu ọmọ irin náà, ó fi í sẹ́yìn igi. Ó yọ páálí. Ó na okùn ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ páìpù, ó ka kókó mẹ́sàn-án, ó sún un díẹ̀. Ó padà sídìí ògiri. Ojú ọmọ méjìlélógún rí i. Ẹnu kan ṣoṣo kò là.

"Ó yá," ni Ìyá Rọra wí láti òpin yàrá.

Ẹnudùnjuyọ̀ ti pákó. Ìgbà tí pákó yí igun ni ojú Ìyá Rọra bọ́ sórí páìpù tó sì rí i pé kò sí páálí nídìí rẹ̀. Ta ló yọ ọ́? Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Agolo ti já bọ́. Okùn ti fà. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Igi yọ. Ó fẹ́ di ojú, ojú kọ̀, kò dì.

Ọmọ irin ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó jáde lẹ́nu páìpù, ó sì bọ́ sí àárín ìdérí agolo, tó! Jangilọ́fà gbé apá kejì sókè. Kẹ̀kẹ́ yí. Ìgbésẹ̀ keje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án. Wọ́n gbọ́ nǹkan tó fà gààrà, wọ́n rò pé ó há, kò há. Agogo dún.

Ariwo tí àwọn ọmọ pa, àwọn tó wà ní kíláàsì kejì sáré jáde. Ọ̀gá àgbà ń gbá alábẹ̀wò léjìká, ó gbàgbé ẹni tó ń gbá. Alábẹ̀wò gan-an rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, mo rí yín," ló wí. "Ẹ mú kí páìpù yẹn tẹ́ díẹ̀, àbí? Ojú kan ṣoṣo lẹ fi wò ó, ẹ ti mọ ibi tí ọmọ yẹn ti ṣìṣe. Ohun tó ń jẹ́ ìmọ̀ nìyẹn."

Ìyá Rọra ti dé ìdí páìpù. Ó rí i pé inú rẹ̀ funfun. Ó wo ìdí ògiri. Ìṣẹ́tí aṣọ Oníwọ̀n dúdú, ó sì ń dán níbi tó dúdú sí. Ó fi ìka fa etí páìpù, ó gbé ìka náà símú. Òórùn yẹn, ó mọ̀ ọ́n ju òórùn ara rẹ̀ lọ. Báàgì rẹ̀ wà lórí àga níbẹ̀. Ike òróró wà nínú rẹ̀. Àkísà wà nínú rẹ̀.

Ó la ẹnu.

"Màmá, ẹ wá fọwọ́ sí i ká má jẹ́ kí ọ̀gá pẹ́," ni ọ̀gá àgbà wí, inú rẹ̀ ń dùn. Ìwé tó fi yàrá náà lé e lọ́wọ́ ti wà lórí tábìlì. Alábẹ̀wò na bírò sí i.

Ó pa ẹnu dé. Ó fọwọ́ sí i.

Nílé, ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tí orúnkún ti mú fẹ̀yìntì, ń ká aṣọ tí wọ́n sá. Ó ká sòkòtò méjì kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní agogo dún. O wá ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fo ohunkóhun. Ọkọ rẹ̀ ká ẹ̀wù kan.

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó dákẹ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà dákẹ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó gbé aṣọ míì. "Tìẹ ló máa pariwo jù."

Oníwọ̀n kò wá sí yàrá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, kò wá. Lọ́jọ́rú, ìwé àbọ̀ alábẹ̀wò dé, ọ̀gá àgbà sì kà á fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń tò lówurọ̀. Ó gbé ohùn sókè nígbà tó dé ibi tó dùn mọ́ ọn: "Àìfarabalẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹni tó ń kọ́ wọn tún un ṣe lójú ẹsẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí yí lórí ìlà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti wo ibi tí Oníwọ̀n dúró sí. Kí wọ́n tó dé kíláàsì, ẹnìkan láti kíláàsì mìíràn ti pè é ní Aṣìwọ̀n. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Rọra rí i tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Kò sí okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, ó lọ sílé wọn. Ìyá ọmọ náà ń dìrí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, dígí kan, àga méjì. Ó gba Ìyá Rọra láàyè láti jókòó, ó sì pe ọmọ rẹ̀ jáde. Oníwọ̀n kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó dúró.

"Òróró tèmi ni," ni Ìyá Rọra wí. "Èmi ni mo fi nu páìpù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìwọ̀n rẹ pé. O sọ fún mi pé ó ń yọ̀, mo lé ọ. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Ṣé o máa padà wá?"

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn, ó ń yọ irun kúrò lẹ́nu òòyà.

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ju ìyá tó bí mi lọ. Ṣùgbọ́n ìta gbangba lẹ ti na ọmọ mi, inú ilé lẹ wá ń fi epo pa á lára. Ta ló rí i? Àwọn tó ń pè é ní Aṣìwọ̀n, ṣé wọ́n wà níbí? Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́?"

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Ìyá Rọra wí. Ó dìde.

Lọ́jọ́ Ajé, ó bá ọ̀gá àgbà kí agogo ìtò tó lù, ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ọ̀gá àgbà di orí mú.

"Màmá! Ọ̀rọ̀ tó ti sùn. Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ti ara yín síta? Bí ọkùnrin yẹn bá gbọ́..."

"Á gbọ́. Ẹnu mi náà ló máa ti gbọ́ ọ."

Ó dúró níwájú wọn. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ka ìwé kan sí yín létí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Irọ́ wà nínú ẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀ ń pè ní Aṣìwọ̀n kò ṣìwọ̀n. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ náà jẹ́, òun ló tún un ṣe, èmi ni mo sì gba ìyìn rẹ̀."

Oníwọ̀n ń wo iwájú, ojú rẹ̀ kò yí. Bí wọ́n ṣe ń tú ká, Ẹnudùnjuyọ̀ sún mọ́ Ìyá Rọra. Ohùn rẹ̀ kéré.

"A mọ̀, mà."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé òun ló tún un ṣe. Gbogbo wa la rí i. A rò pé ẹ̀yin náà rí i. A ní bóyá bó ṣe yẹ kó lọ nìyẹn, nítorí yàrá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju ti ìyá onídìrí lọ. Kò dúró de ọ̀sán. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ó gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi ní kó wọlé.

Alábẹ̀wò gbọ́ ọ dé òpin. Kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ pa fáìlì.

"Màmá, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀."

"Ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ yẹn sílẹ̀. Mo rí yín."

"Bí mo bá tún un kọ, mo ní láti kọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá kọ ìdí rẹ̀, àwọn tó wà lókè mi á bèèrè ìdí tí mo fi gbé yàrá fún ẹni tí..." Ó dúró.

"Tí kò ní ìwé ẹ̀rí."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́, sà."

Alábẹ̀wò ṣí fáìlì, ó kọ̀wé, bírò rẹ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó kà á: "Bóyá òróró tí olùtọ́jú yàrá fi nu páìpù ló fa àṣìṣe àkọ́kọ́..."

"Ẹ yọ 'bóyá' yẹn kúrò."

Ó yọ ọ́. Ó ń kà lọ: ìwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ náà pé, akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ ló rí àléébù, tó sì tún un ṣe.

"Ó ku ibì kan," ni Ìyá Rọra wí. "Ó sọ fún mi kó tó tún un ṣe, mo ní kó pa ẹnu mọ́."

"Ìyẹn náà?"

"Ìyẹn gan-an."

Ó kọ ọ́. Ó gbé òǹtẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé. "Títí a ó fi rí èsì láti òkè, Màmá, yàrá gbọ́dọ̀ wà ní títì. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Rọra yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára okùn ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ fún mi ní ẹ̀dà kan."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kì í ṣe tèmi. Tọmọ náà ni."

Ó kọ èkejì, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó nà án sí i. Ìyá Rọra gbà á, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀. Yíǹkì òǹtẹ̀ ṣì tutù. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi gbẹ, kó tó ká ìwé náà.